Ọjọ́ Tí Òǹwòran Kún Basement Mi

Mo mọ̀ pé o ò ní gbà mí gbọ́, n ò sì ní bẹ̀ ọ́ pé kí o gbà mí gbọ́. Ẹni tó bá mọ̀ mí dáadáa, bí mo bá ní òjò ń rọ̀, yóò kọ́kọ́ na ọwọ́ síta wò ó ná. Ṣùgbọ́n èyí ṣẹlẹ̀. Inú basement, yàrá abẹ́ ilé mi, ní Martindale ní ìlú Calgary, Canada, ló ti ṣẹlẹ̀, ní ọ̀sán Sátidé kan tí òtútù mú débi pé ilẹ̀kùn ọkọ̀ mi kọ̀, kò ṣí. Bí mo bá di ojú báyìí, òórùn ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dé: òórùn bàtà tí snow rin gbingbin, tó ń yọ́ sórí kápẹ́ẹ̀tì, òórùn eruku gbígbóná tí furnace, ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru, ń tu síta, àti òórùn mọ́ínmọ́ín tí ìyàwó mi ń sè lókè, tó ń gba àtẹ̀gùn sọ̀kalẹ̀ wá bá wa bí àlejò tí ẹnikẹ́ni ò pè. Àárín òórùn yẹn ni mo dúró sí, tí mo na remote sí ògiri, tí mo ń ṣàlàyé eré àtijọ́ kan nípa àwọn tó ń fi ọkọ̀ rin ìrìn àjò láàárín ìràwọ̀. Àwọn àgbàlagbà tó jókòó síwájú mi ń rẹ́rìn-ín, èmi náà ń rẹ́rìn-ín, ìyá mi sì ti wà nínú ilẹ̀ ní Ìwó. Gbogbo wọn ló mọ̀. Èmi nìkan ni n ò mọ̀.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti eré náà fún ọ, torí láìsí i, o ò ní mọ ohun tí mo pàdánù. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tẹlifíṣọ̀n ilé wa ń fi àwòrán hàn, kì í sọ̀rọ̀. Dúdú àti funfun ni, àwòrán rẹ̀ sì mọ́ kedere, àmọ́ ohùn rẹ̀ ti lọ kó tó dọ́wọ́ bàbá mi. Bàbá mi ní ọ̀ràn kékeré nìyẹn, ojú ni wọ́n fi ń wòran. Ìyá mi ló wá di ohùn rẹ̀. Aránṣọ ni ìyá mi, aṣọ ilé-ìwé ló sì ń rán jù. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́ tí eré náà bẹ̀rẹ̀, yóò yí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kọjú sí tẹlifíṣọ̀n, yóò máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ gìrìgìrì, yóò sì máa sọ fún èmi àti àbúrò mi obìnrin ohun tí àwọn òyìnbó aláṣọ dídán yẹn ń wí. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kọjá "good morning". Ìyẹn ò dí i lọ́wọ́ rárá. Ṣebí òyìnbó wọ̀nyẹn náà ò sọ̀rọ̀ síta?

Lẹ́nu ìyá mi, ọ̀gá ọkọ̀ náà, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tó fẹ́ràn àtimáa ká apá mọ́ àyà, ọmọ Ìwó ni, ìyàwó méjì ló sá fún tó fi dé ojú ọ̀run. Ẹ̀rọ gìrìwò tó ń rìn tẹ̀ lé e kiri, ọmọ ọ̀dọ̀ ni, inú ọ̀gá rẹ̀ sì dùn sí i torí pé kì í jẹun. Ẹranko onírọ́bà tó máa ń yọ láti ẹ̀yìn òkúta páálí kì í ṣe ẹranko o, àna ọ̀gá ọkọ̀ ni, ó wá béèrè ibi tó gbé ọmọ òun sí. A ó rẹ́rìn-ín títí a ó fi dùbúlẹ̀. Mo dàgbà, mo kàwé, mo tilẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì fún ọ̀pọ̀ ọdún, síbẹ̀ nínú ọkàn mi, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ ìràwọ̀, ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo máa ń gbọ́.

Ìgbà òtútù àkọ́kọ́ tí mo lò ní Calgary, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì kan nítòsí pápákọ̀ òfurufú, tí mo sì ń ronú pé ta ló rán mi níṣẹ́ wá síbí, mo já lu eré náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀, tòun ti ohùn. Ọ̀rẹ́, mo gbọ́ ohùn ọ̀gá ọkọ̀ yẹn fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, ó sì tín-ín-rín bí ohùn ẹni tí catarrh ń bá jà. Inú bí mi. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn pàdé bàbá ìyàwó rẹ̀ ní ilé ìwẹ̀. Ohun tó mú mi bẹ̀rẹ̀ àtúnwò nìyẹn. Ní ọ̀sán Sátidé, mo máa ń fi ẹ̀rọ gbé apá kan eré náà sí ògiri basement, màá máa dá a dúró, màá sọ ohun tí Gẹ̀ẹ́sì wí, màá sì sọ ohun tí ìyá mi wí. Lẹ́yìn náà, màá jókòó bí adájọ́, màá dá ẹjọ́ ta ló jàre. Ìyá mi ló máa ń jàre. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń wa forklift, ọkọ̀ tó ń gbé ẹrù, ní àdúgbò ilé iṣẹ́ Foothills Industrial máa ń fi fóònù rẹ̀ gba ohùn mi sílẹ̀, yóò fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àwa Yorùbá tó wà ní Northeast, apá ìlú tiwa, lórí WhatsApp, yóò sì fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi obìnrin ní Ìwó. Àbúrò mi yóò gbé e sí etí ìyá wa. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, èsì ti dé, pẹ̀lú ohùn àgbà tó ń gbọ̀n díẹ̀: "Irọ́ ni wọ́n ń pa fún ọ. Tèmi ló tọ̀nà."

Kí n sọ òótọ́, òǹwòran mi kì í pọ̀. Onífoklift máa ń wá, torí pé ó fẹ́ràn iyàn. Kẹ́místrì ló kà ní yunifásítì, Director ló máa ń pè mí, kò sì sí apá eré kan tí kò ní gbé ọwọ́ sókè pé, "Director, irọ́ gbuu! Kò sí afẹ́fẹ́ níbẹ̀, báwo lẹ ṣe gbọ́ ìró ìbọn?" Àwọn méjì míì máa ń bá a wá, àmọ́ oúnjẹ ìyàwó mi ni tiwọn. Mo mọ̀, n kì í bínú. Eléré tí kò bá lè fa èrò, ẹ jẹ́ kí ẹran dídín bá a fà á.

Ní Thursday ọ̀sẹ̀ yẹn, èmi àti ìyá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó ní àyà ń dun òun díẹ̀, mo ní kó lo oògùn rẹ̀, ó ní kí n má kọ́ òun. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé, "Èyí tí obìnrin inú àpótí wà ńkọ́? O ò tíì ṣe ìyẹn."

Mo ní, "Màmi, Sátidé yìí ni. Ẹ dúró dè mí."

Ó ní, "Mo ń dúró."

Ní alẹ́ Friday, nígbà tí ilẹ̀ Sátidé ti mọ́ ní Ìwó, mo pe fóònù àbúrò mi, kò gbé e. Ó kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé network ò dára. Mo gbà. Ta ni kì í gbà á?

O mọ àṣà wa. A kì í fi fóònù túfọ̀ fún ẹni tó wà lẹ́yìn odi. Bí ikú bá ṣẹlẹ̀ nílé, wọn yóò wá ẹni tó dàgbà jù ní tòsí rẹ, òun ni wọn yóò pè, kí ọwọ́ ènìyàn lè wà nítòsí láti gbá ọ mú nígbà tí o bá ń ṣubú. Ìdájí Sátidé ní Ìwó ni ìyá mi kú, lẹ́yìn ìrun àsúbáà. Ilé Mùsùlùmí ni ilé wa, wọn kì í fi òkú ṣeré. Kí n tó jí ní Martindale, kí n tó bu omi sí tíì, wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, wọ́n ti kírun sí i lára, wọ́n ti bo ilẹ̀ mọ́ ọn. Àbúrò mi pe Ẹ̀gbọ́n. Onígbàgbọ́ ni Ẹ̀gbọ́n, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ẹnjiníà epo tó ti fẹ̀yìn tì, àmọ́ òun ni àgbà gbogbo wa ní agbègbè yẹn. Bí ọmọ ẹnìkan bá fẹ́ gbéyàwó, òun ni. Bí tọkọtaya bá ń jà, òun ni. Ẹ̀gbọ́n pe Àfáà tó ń ṣíwájú àwa Mùsùlùmí ibẹ̀, Àfáà pe àwọn yòókù, wọ́n sì pe ìyàwó mi níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní ọsibítù. Wọ́n fẹnu kò pé ní ọ̀sán ni àwọn yóò wá.

Ọ̀sán Sátidé. Ìgbà tí mo máa ń ṣe àtúnwò. Ṣé o ti rí i báyìí?

Mo ń to àga mẹ́ta nígbà tí mo gbọ́ bàtà lórí àtẹ̀gùn, bàtà, bàtà, bàtà tí kò tán. Onífoklift ló ṣáájú. Tọkọtaya kan láti àdúgbò Cornerstone tẹ̀ lé e, àwọn tí mo ti ń pè láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí wọn kì í wá. Lẹ́yìn wọn, obìnrin nọ́ọ̀sì kan tó sọ fún mi rí ní ojúkojú pé eré náà ò ní láárí. Lẹ́yìn rẹ̀, Àfáà! Àfáà tó ti wàásù nípa tẹlifíṣọ̀n títí ohùn fi há a. Lẹ́yìn gbogbo wọn, Ẹ̀gbọ́n, pẹ̀lú fìlà lórí. Mo sáré gbé àga láti yàrá kejì, mo gbé búkẹ́ẹ̀tì, mo dojú rẹ̀ dé. Inú mi dùn. Mo ní lọ́kàn mi, òkìkí mi ti kàn. Mo ní, ó pẹ́ ni, kò ṣàìdé.

"Àfáà!" mo ní. "Ẹ̀yin náà? Ṣé tẹlifíṣọ̀n kò di haraamu mọ́ ni?"

"Ọlọ́run mọ ọkàn," ó ní. Ó fa tẹ̀sùbáà yọ, kò wo ojú mi.

Ìyàwó mi dúró lórí àtẹ̀gùn, ó ń wò wọ́n tí wọ́n ń fi bàtà rírin tẹ kápẹ́ẹ̀tì. Ìyàwó mi tí mo sọ yìí, nítorí bàtà, ó ti dá ọlọ́pàá padà lẹ́nu ọ̀nà rí. Lọ́jọ́ yẹn, ó yà fún wọn ni.

Mo ní, "Mọ́mì, ṣé ara rẹ yá? Bàtà wà lórí kápẹ́ẹ̀tì o."

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, Dádì," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó." Ó sì yíjú padà lọ sí kíṣìnnì.

Ó yẹ kí n mọ̀ níbẹ̀. Ọmọ wa obìnrin náà kò sí nílé, ìyá rẹ̀ ti ní kó lọ sùn lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, láìṣe ọjọ́ ìbí, láìṣe ọdún. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá ti gbé gẹṣin ìyìn, kì í wo ilẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n jókòó sí àga iwájú, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. "Jókòó," ó ní. "Mo fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀ díẹ̀."

Ibi tí ó máa ń dùn mí jù nìyí. Ó bẹ̀rẹ̀. Bàbá àgbàlagbà náà bẹ̀rẹ̀, èmi ni mo dí i lẹ́nu. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí eré parí ná! Níbo lẹ ti rí òǹwòran tó ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ òṣèré lẹ́nu?" Ẹnìkan rẹ́rìn-ín, ẹlòmíràn sì gbà á, bí ènìyàn ṣe ń gba ẹrù tó fẹ́ já bọ́. Ẹ̀gbọ́n wo Àfáà. Àfáà gbójú sí àjà. "Ó dáa," Ẹ̀gbọ́n ní, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Ṣe tìrẹ ná."

Mo sì ṣe tèmi. Ọ̀rẹ́, n ò ṣe é rí bíi ti ọjọ́ náà. Mo fi ara ṣe ẹ̀rọ gìrìwò, mo fi imú ṣe ohùn ọ̀gá ọkọ̀. Mo fi hàn wọ́n pé okùn tó so ọkọ̀ òfurufú náà rọ̀ hàn kedere, bí ojú bá mú. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àfáà rẹ́rìn-ín níbi tí kò sí àwàdà. Obìnrin nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí ó fi ń fi ìborùn nu ojú. Ohun kan ṣoṣo ló ń dà mí láàmú: Onífoklift ò bá mi jiyàn. Ìbọn ró níbi tí kò sí afẹ́fẹ́, mo dúró dè é, ó ní, "Ó ṣeé ṣe." Iná jó nínú omi, ó ní, "Ó ṣeé ṣe náà, Director." Mo ní, "Ṣé wọ́n lé ọ lẹ́nu iṣẹ́ ni?" Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, òun náà gbìyànjú.

Báyìí la ṣe dé ibi tí ìyá mi fẹ́. Ọ̀gá ọkọ̀ dúró níwájú àpótí kan tó ń tàn yanran. Obìnrin àgbàlagbà kan wà nínú àpótí náà, ó ń bá a sọ̀rọ̀ láti ayé tí wọ́n ti kúrò. Ọ̀gá ọkọ̀ ń bá a ṣàwàdà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó di ikùn mú. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọmọ ọkọ̀ tò sí ẹ̀bá ògiri, wọ́n dorí kodò, kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín nínú wọn. Mo dá a dúró síbẹ̀.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Gẹ̀ẹ́sì. Obìnrin yìí ni olùkọ́ tó kọ́ ọ̀gá ọkọ̀ níṣẹ́. Afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ ń tán lọ, dókítà ti ní kí gbogbo ènìyàn dorí kodò kí wọ́n má mí púpọ̀. Ohun tó fa orí kodò nìyẹn. Kí ló dé tí ọ̀gá ọkọ̀ wá ń fi afẹ́fẹ́ rẹ́rìn-ín? Ẹ má bi mí, òyìnbó ló kọ ọ́." Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ó wá ku ti ìyá mi."

Mo jókòó sórí búkẹ́ẹ̀tì bí ẹni tó ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ, mo sọ ohùn mi di ohùn rẹ̀. "Ẹ wo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀fọ̀ ti ṣẹ̀ ọkùnrin yẹn, kò mọ̀. Àwọn yẹn ti gbọ́. Wọ́n ń wo ara wọn pé ta ni yóò sọ." Mo tún sọ ohùn mi di ti ọmọdé, torí èmi ni mo béèrè nígbà náà lọ́hùn-ún: "Màmi, ta ló kú?" "Ìyá rẹ̀ ni. Obìnrin inú àpótí yẹn." "Ṣebí ó ń sọ̀rọ̀?" "Àwòrán ni. Àwòrán kì í mọ̀ bí ẹni tó ni ín bá ti kú."

Mo dìde, mo fi ọwọ́ lu búkẹ́ẹ̀tì bí adájọ́. Mo ní, "Ẹ̀yin ará, ó dùn mí, àmọ́ òdodo ọ̀rọ̀ la fẹ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ nílé ẹjọ́ yìí, Gẹ̀ẹ́sì jàre. Ìyá mi jẹ̀bi!"

Mo dúró de ẹ̀rín. Furnace ló dáhùn, ó ṣe kọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́. Obìnrin nọ́ọ̀sì dìde, ó gba àtẹ̀gùn lọ sókè láìwẹ̀yìn. Ọkọ láti Cornerstone di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú. Mo wò wọ́n, gbogbo wọn dorí kodò, mo sì rò pé mo ti pẹ́ jù lórí ẹsẹ̀ ni, pé ebi ń pa wọ́n.

"Ó tọ̀nà," Onífoklift ní, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

"Ta ló tọ̀nà?"

"Màmá. Màmá ló tọ̀nà."

"Ìwọ onísáyẹ́ǹsì!" mo ní. "Ìwọ tó yẹ kí o gbè mí lẹ́yìn! O ò rí i pé dókítà fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́?" Ó fa fìlà rẹ̀ bo ojú. Mo ní kí ó má dá mi lóhùn, kí ó ṣáà fi ohùn náà ránṣẹ́ kíá sí àbúrò mi, kí Màmá lè gbọ́ ọ kó tó sùn, torí mo mọ̀ pé ìbínú ni èsì rẹ̀ yóò jẹ́ lónìí, yóò sì dùn ún gbọ́. Ó gbé fóònù dání. Ó wo Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n na ọwọ́ sí fóònù náà, ó tún fà á padà. Lẹ́yìn-ọ-rẹyìn, ó ní, "Fi ránṣẹ́ fún un." Ó sì fi ránṣẹ́.

Àfáà ní ká ṣe àdúà kí àwọn tó lọ. Ó ṣe é gùn. Ó tọrọ fún gbogbo ìyá wa, ó ní kí Ọlọ́run fi àlùjánnà kẹ́ àwọn tó ti ṣáájú, kí Ó má ṣe fi àwọn tó kù sílẹ̀. Ohùn àmín tèmi ló ròkè jù. Bí mo ṣe ṣe àmín tán ni mo ní kí ìyàwó mi gbé mọ́ínmọ́ín wá. Kò sí ẹni tó jẹ ẹ́. Wọ́n ní ó ti yá, snow ń bọ̀, ọ̀nà yóò yọ̀. Ìgbà tí mo sin Ẹ̀gbọ́n dé ẹnu ọ̀nà, ó gbá èjìká mi mú, ó pẹ́ kó tó fi sílẹ̀. Mo rò pé eré náà ló dùn mọ́ ọn.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí, mo sì ti rò ó títí. Wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn náà pé nínú ọkọ̀, Àfáà bínú sí Ẹ̀gbọ́n pé kí ló dé tí kò sọ ọ́, Ẹ̀gbọ́n sì ní, "Ìwọ ńkọ́? Ìwọ ni àfáà." Wọ́n ní Ẹ̀gbọ́n tún sọ pé ọwọ́ òun kò lè pa irú ẹ̀rín yẹn, kí ilẹ̀ mọ́ ná. N ò bá ẹnikẹ́ni nínú wọn wíjọ́. Ìfẹ́ ló kó wọn wá, àánú ló sì dè wọ́n lẹ́nu. Ṣùgbọ́n àánú náà le. Àbúrò mi sọ fún mi pé ìgbà tí ohùn yẹn dé sórí fóònù òun, àárín àwọn obìnrin tó wá kí i kú ọ̀fọ̀ ló wà. Ó rò pé wọ́n ti sọ fún mi, pé ẹkún mi ló dé. Ó ṣí i sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́ bí ọmọkùnrin ìyá náà ṣe ń sunkún láti ẹ̀yìn odi. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni èmi tí mo ń ké pé ìyá mi jẹ̀bi.

Kí ni ènìyàn máa fi ìyẹn ṣe? Sọ fún mi, ìwọ tó gbọ́n. N ò lè tún ẹjọ́ náà dá, torí ẹni tí yóò gbọ́ ìdáláre rẹ̀ kò sí. N ò bu yẹ̀pẹ̀ sí i, n ò rí ojú rẹ̀. Ìdájọ́ kan ṣoṣo tí mo dá lòdì sí i láyé mi, ọjọ́ tí wọ́n sin ín ni mo dá a, òun ló sì tọ̀nà. Mo máa ń rò tẹ́lẹ̀ pé ohun tó wà láàárín èmi àti ilé ni òkun àti máìlì. Rárá. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé àwọn ènìyàn tó jókòó síwájú mi, tí bàtà wọn ń rin kápẹ́ẹ̀tì mi, wà nínú ọjọ́ kan tí èmi ò tíì dé. Ìyàwó mi pàápàá wà níbẹ̀, ó ń wò mí láti òdìkejì. Láti ìgbà náà, n ò ṣe àtúnwò mọ́. Mo ṣì ń ṣàwàdà, o mọ̀ mí, ẹnu tó ti mọ́ kì í ṣeé dì. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ju mẹ́ta lọ nínú yàrá, tí wọ́n sì jọ rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ mi, màá máa wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti mọ ohun tí wọ́n ti gbọ́. Ayọ̀ tí mo máa ń ní nínú ẹ̀rín ènìyàn ti lọ. N ò retí rẹ̀ mọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì àtúnwò yẹn, snow tuntun ti bo iwájú ilé pátápátá. Mo wọ jákẹ́ẹ̀tì lé jalámíà tí mo fi kírun, mo mú ṣọ́bìrì, mo ń kó o kúrò lójú ọ̀nà. Ojú ọjọ́ mọ́, oòrùn ràn láìmú ooru kankan wá. Mo ń rẹ́rìn-ín sí nǹkan kan nínú ara mi, n ò rántí ohun tó jẹ́ mọ́. Ọkọ̀ Ẹ̀gbọ́n wá dúró. Sunday ni, ó yẹ kí ó ti múra ṣọ́ọ̀ṣì, aṣọ ilé ló wà lọ́rùn rẹ̀, kò sì wọ ìbọ̀wọ́.

Mo tẹríba, mo kí i. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé àga ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lẹ ti wá gbà sílẹ̀?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó wá títí tó fi dé iwájú mi, ó di ọrùn ṣọ́bìrì mú. "Gbé e fún mi."

"Ẹ̀yin kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣe mí bẹ́ẹ̀. Kí làwọn aládùúgbò máa wí?"

"Gbé e fún mi, àbúrò."

Ó gbà á. Bàbá tó lè bí mi, ó tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ tó ti le, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó snow iwájú ilé mi, èmi sì dúró lọ́wọ́ òfo, ara mi dá ṣáṣá. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, n ò rí i rí kí àgbà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọdé tí ara rẹ̀ le. Mo wo ẹnu ọ̀nà. Ìyàwó mi dúró níbẹ̀ láìbo orí, ó ń wò mí. Ọkọ̀ Àfáà yí kọ́nà, ó ń bọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n," mo ní, "ta ni?"

Kò gbé orí sókè. Mo wo ojú ìyàwó mi, mo mọ̀ pé Màmi ni, mo sì jókòó sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ń kó snow lọ, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ń kó o lọ, títí tó fi dé ibi tí mo jókòó sí nílẹ̀, ó sì kó yí mi ká.